Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọmọ Wa Tí Ó Fẹ́ Ṣe Dókítà Ní Ọ̀nà Tirẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ sọ níbi ìfilọ́lẹ̀ àpò owó ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ wa, ní Kàdúná

  

Wọ́n ní kí àwa Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí a tó ṣí àpò owó. Àwọn tí ń ṣètò sì ti kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣe pẹ́, nítorí oúnjẹ ti délẹ̀, àwọn onílù sì ń wò wá lójú. A ó gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a mú wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkíni lásán. Ó kan ibi tí owó tí ẹ ó dá lónìí yóò lọ.

Nínú ìwé tí àwọn ọmọ wa fi ń béèrè ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ìbéèrè kan wà níbẹ̀ pé: iṣẹ́ wo ni o fẹ́ ṣe, kí sì ni ìdí rẹ̀? Àwọn tí ó kọ “dókítà” pọ̀ jọjọ. Èyí kò yà wá lẹ́nu, nítorí ilé Yorùbá wo ni ó wà, ìbáà ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìbáà ṣe ní Ọ̀fà, ìbáà ṣe ní Tudun Wada níbí, tí wọn kì í ti í pe ọmọ ní “dókítà mi” kí ó tó mọ A yàtọ̀ sí B? Bí a bá wá béèrè pé irú dókítà wo, èsì kan náà ni a ń gbọ́: èyí tí ń ṣe iṣẹ́ abẹ, tàbí èyí tí ń gbẹ̀bí, tàbí èyí tí yóò kọ́ ọsibítù tirẹ̀, tí a ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀ gàdàgbà sí ara pátákó ẹnu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, ọmọ ọdún 17, tí ó kọ ohun mìíràn. Ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún kọ ọ́ ní Yorùbá sí abẹ́ rẹ̀ kí ó má baà sí àṣìmọ̀: dókítà tí ń tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú. Bàbá rẹ̀ bá a wá ní ọjọ́ tí a pè é. Nígbà tí a ka ìwé náà sókè, a rí i lójú bàbá yìí pé ìgbà àkọ́kọ́ tí òun náà máa gbọ́ ọ nìyẹn. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, “Ẹ̀yin àgbà, ṣé kí n máa sanwó ilé-ìwé kí ọmọ mi lè lọ máa bá wèrè gbé ni?”

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa ni a mọ òwe náà pé wèrè dùn-ún wò, kò dùn-ún bí lọ́mọ. Bàbá yìí kò fẹ́ kí ọmọ òun sún mọ́ wèrè débi tí àwọn ènìyàn yóò fi máa wádìí bóyá irú rẹ̀ wà nínú ẹbí wọn. Ta ni yóò wá fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìyàwó? Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn, ó sì sọ ọ́ láìfi bò. Kì í ṣe ènìyàn burúkú rárá. Ó wà nínú àwọn tí ń dáwó jù nínú ẹgbẹ́ yìí, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì gbà wá láàyè láti sọ ọ́ lónìí láìdárúkọ.

Lẹ́yìn tirẹ̀ ni ọmọkùnrin kan dé, tí ó ní òun fẹ́ jẹ́ dókítà tí ń yẹ òkú wò láti mọ ohun tí ó pa á. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún níwájú wa, ó ní òun kò bí ọmọ fún ilé òkú.

Àwọn méjì yìí ni ó jẹ́ kí a rí i pé ọ̀rọ̀ ń bẹ nílẹ̀. Bí àpò owó yìí bá jẹ́ ti àwọn ọmọ tí ó fẹ́ ohun tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́ nìkan, a jẹ́ pé a ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn kan kí a tó ṣí i. Ohun tí ó wu ni ni í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Iṣẹ́ dókítà gba ọ̀pọ̀ ọdún, ó gba àìsùn, ó gba owó. Ọmọ tí kò bá ní ohun kan lọ́kàn tí ń tì í lẹ́yìn yóò sú kí ó tó dé ìdajì ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ẹ̀rù kan kúrò lọ́kàn àwọn òbí. Kò sí fọ́ọ̀mù JAMB kan tí a kọ “dókítà wèrè” tàbí “dókítà òkú” sí. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń gbà wọlé. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísìrì àti bàọ́lọ́jì nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Yóò sì fi Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú sáyẹ́ǹsì mẹ́ta wọ̀nyẹn ṣe ìdánwò JAMB. Bí ó bá wọlé, ọdún mẹ́fà ni. Nínú ọdún mẹ́fà yìí, ẹni tí ó fẹ́ ṣe ti ọpọlọ yóò kọ́ bí a ti ń gbẹ̀bí. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe ti òkú yóò tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ máa la ikùn yóò jókòó ti aláìsàn ọpọlọ, yóò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Bí ó bá jáde, yóò fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà dókítà, yóò sì sin ìjọba gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ fún ọdún kan. Lẹ́yìn èyí ni ó tó kan yíyan. Yóò ṣe ìdánwò láti bọ́ sí abẹ́ àwọn tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ àkànṣe, irú èyí tí National Postgraduate Medical College ti Nàìjíríà tàbí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń ṣe àkóso rẹ̀, èyí sì lè gba ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà mìíràn.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ọmọ ọdún 17 tí ó bá wọlé lọ́dún yìí, bí ìyanṣẹ́lódì kò bá dá a dúró (ta ni kò sì mọ̀ pé ìyanṣẹ́lódì kì í ṣe àlejò ní yunifásítì wa), yóò tó ọmọ ọdún 25 kí ẹnikẹ́ni tó bi í pé yàrá wo nínú ilé náà ni yóò wọ̀. Nítorí náà, bàbá tí ń bá ọmọ jà lónìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ń jà ìjà tí àkókò rẹ̀ kò tíì tó.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan ọmọ pẹ̀lú. Kò sí ẹni tí ó lè torí pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni òun fẹ́ fi máa tọ́jú aláìsàn kí ó wá pa físíìsì tì. A ti rí irú wọn. Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ máa bá àwọn tí ìrònú ń dà láàmú sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ kò gba ẹ̀jẹ̀, tí kẹ́mísìrì sì ń fún un ní ibà, ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà tí í ṣe sàíkọ́lọ́jì. Onísàíkọ́lọ́jì kì í ṣe dókítà, kì í kọ oògùn fún aláìsàn, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú dókítà ọpọlọ ní ọsibítù, iṣẹ́ ọlọ́lá sì ni. Kí ọmọ mọ èyí tí ó fẹ́ nínú méjèèjì kí ó tó ra fọ́ọ̀mù. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó.

Ibi tí ìfẹ́ àrà ọ̀tọ̀ yìí ti lè ran ọmọ lọ́wọ́, tí ó sì ti lè ṣe é ní jàǹbá, ni ibi tí wọ́n bá ti pè é kí ó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tí ó fi fẹ́ ṣe dókítà. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ìlú ọba àti Amẹ́ríkà mọ èyí dáadáa, nítorí níbẹ̀ wọ́n ń ní kí ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó sì wá jókòó níwájú àwọn àgbà láti dáhùn ìbéèrè. Níhìn-ín, máàkì ni ó máa ń sọ̀rọ̀ jù, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fúnni ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́, títí kan àwa náà, ni ó máa ń béèrè. Ọmọ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá yóò ní òun fẹ́ ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì náà ń ran ènìyàn lọ́wọ́, panápaná náà sì ń ràn wọ́n. Ọmọ tí ó bá ní ohun pàtó kan láti sọ ni etí àwọn àgbà yóò ṣí sí.

Kí ni ó yẹ kí ó lè sọ? Kí ó sọ ohun tí ó ti rí, kì í ṣe ohun tí ó rò. Kí ó sọ ibi tí ó ti lọ láti wádìí. Kí ó mọ ohun tí ó burú nínú iṣẹ́ náà, kí ó má ṣe sọ ọ́ bí ẹni pé oyin ni. Èyí tí ó ṣòro jù ni pé kí ó fi hàn pé òun kò tíì ti ilẹ̀kùn. Ọmọ tí ó bá wí pé “iṣẹ́ yìí nìkan ni mo fẹ́, bí kò ṣe òun, n kò ṣe dókítà mọ́” ti mú kí àwọn tí ń bi í léèrè bẹ̀rẹ̀ sí ṣiyèméjì, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ni ó ń yí ọkàn padà lọ́dún kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Èyí tí ó bá wí pé “èyí ni ó mú mi wá sí ẹnu ọ̀nà yín, ṣùgbọ́n n ó kọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí aláìsàn ọpọlọ náà ní ọkàn àti ẹ̀dọ̀ fóóró bíi ti gbogbo ènìyàn” ni ó ti dáhùn bí àgbà.

A dán ọmọbìnrin wa yìí wò. A bi í pé kí ni ó rí. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá, obìnrin kan ni ó wà ní agbo ilé wa.” Obìnrin náà bímọ ọkùnrin, ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò sùn mọ́, kò fẹ́ gbé ọmọ, ó ní ọmọ náà kì í ṣe tòun, ó sì ń bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní kí a gbé e lọ sí orí òkè, àwọn kan ní kí a pe àlùfáà, àwọn mìíràn ní ayé ni ó ń ṣe é. Nígbà tí ó ṣe, ẹbí gbé e sínú ọkọ̀ alẹ́ lọ sí ìlú wọn kí àwọn ará àdúgbò tó jí. Ọmọ náà ti di ọdún mẹ́rin báyìí. Ìyá rẹ̀ kò tíì padà. Ọmọbìnrin yìí wá ní, “Nígbà tí mo kà nípa rẹ̀ nínú ìwé ni mo mọ̀ pé àìsàn ni, tí ó ní orúkọ, tí ó sì ní ìtọ́jú. Ọsibítù ìjọba àpapọ̀ fún àrùn ọpọlọ wà ní Barnawa níbí. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ rẹ̀ ní ọjọ́ náà.”

Ẹ̀yin ìyá tí ó wà níjókòó mọ àìsàn tí ó ń sọ. Àwọn ìyá wa àgbà ní orúkọ fún un: abísínwín. Kì í ṣe àìsàn tuntun, kì í sì í ṣe ti òyìnbó. Àwọn baba wa kò tilẹ̀ fi gbogbo àìsàn lé oníṣègùn kan lọ́wọ́ rí. Ìdílé kan wà tí í máa to egungun, ìdílé kan wà tí í máa dá abẹ́, òmíràn wà tí ó jẹ́ pé àwọn tí orí wọn dàrú nìkan ni wọ́n ń gbà sí agbo ilé wọn. Kò sí ẹni tí ó ń fi èyí tí ń wo wèrè ṣe ẹlẹ́yà; a máa ń bọ̀wọ̀ fún un, a tilẹ̀ máa ń bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀. Nígbà wo ni ó wá di ìtìjú?

Bàbá ọmọ yìí bi wá pé ta ni ọmọ Yorùbá tí ó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí tí ó sì di ènìyàn. Ìbéèrè tí ó dára ni. A dá a lóhùn pé Thomas Adéoyè Lámbò.

Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní 1923, ilé-ìwé Baptist Boys’ High School ni ó lọ níbẹ̀, ó sì kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Birmingham ní ìlú ọba. Nígbà náà, ọ̀nà tí ó rọrùn fún ọmọ Nàìjíríà tí ó di dókítà ni kí ó padà wálé, kí ó kan pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ó máa gba owó. Ní ti àìsàn ọpọlọ, ohun tí ìjọba òyìnbó ní ni ilé ìfipamọ́, irú èyí tí wọ́n ṣí ní Kàlàbá ní 1904 àti ní Yábàá ní 1907. Ibi tí a ń kó wèrè sí kí ó má baà yọ ìlú lẹ́nu ni; kò jọ ibi ìwòsàn. Lámbò padà lọ kọ́ ìmọ̀ nípa àrùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wà nínú àwọn ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ọ̀nà yìí.

Nígbà tí ó gba àkóso ọsibítù Arò ní Abẹ́òkúta ní 1954, ohun tí ó ṣe níbẹ̀ ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Ó bá àwọn ará abúlé tí ó yí ọsibítù náà ká sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ẹbí rẹ̀ kan, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, gbọ́dọ̀ bá a wá kí ó máa se oúnjẹ fún un. Ní ojúmọmọ, aláìsàn á lọ sí ọsibítù gba abẹ́rẹ́ àti oògùn. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, á padà sí abúlé, á jókòó ti àwọn àgbẹ̀, á gbọ́ Yorùbá, á jẹ ẹ̀kọ. Lámbò sì tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó ní ìmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ wọn nípa ọkàn ènìyàn kò ṣeé kó dànù. Àwọn òyìnbó kan rò pé eré ni. Ní 1961, Abẹ́òkúta kan náà ni àwọn dókítà ọpọlọ láti gbogbo Áfíríkà ti ṣe ìpàdé wọn àkọ́kọ́. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà wá bá a ṣe ìwádìí láàárín àwọn Yorùbá, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1963. Ó di ọ̀gá yunifásítì Ìbàdàn ní 1968. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Geneva, ó sì jẹ́ igbá-kejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé láti 1973 títí di 1988. Ó kú ní 2004. Gbogbo èyí, lórí iṣẹ́ tí bàbá wa ń pè ní bíbá wèrè gbé.

Òun nìkan kọ́ o. Látúndé Odeku, ọmọ Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Amẹ́ríkà ni ó ti kọ́ ọ, wọn ìbá sì gbà á síbẹ̀. Ó padà sí UCH Ìbàdàn ní 1962, ó dá ẹ̀ka náà sílẹ̀, ó sì kú ní 1974 láìtíì pé ọmọ ọdún 50. Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ dókítà ọmọdé tí ó kọ́ṣẹ́ ní Dublin. Dípò kí ó wá ọmọ àwọn ọlọ́lá tọ́jú, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára, omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ń ṣu, àti ilé ìlera kéékèèké ní ìgbèríko ni ó gbájú mọ́, títí kan ìgbà tí ó jẹ́ mínísítà láti 1985 sí 1992. Àwọn ìyá tí ó tọ́mọ nígbà náà kò nílò kí a ṣàlàyé.

Ní ti ọmọkùnrin tí ó fẹ́ ilé òkú, ọmọ Ìgbò ni a fi ṣe àpẹẹrẹ fún ìyá rẹ̀. Bennet Omalu kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Nàìjíríà, ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì di dókítà tí ń yẹ òkú wò ní Pittsburgh. Ní 2002, wọ́n gbé òkú ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Mike Webster wá, gbajúmọ̀ nínú bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi orí kan ara wọn bí àgbò. Ayé ọkùnrin náà ti dàrú kí ó tó kú, kò sì sí ẹni tí ó mọ ìdí. Ọpọlọ rẹ̀ dà bí ti ènìyàn gbogbo lójú lásán. Omalu kò gbà, ó ní kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́, ó sì fi ẹ̀rọ amú-ǹkan-tóbi wò ó. Ó rí i pé orí tí ó ń kàn lọ́pọ̀ ọdún ni ó ba ọpọlọ jẹ́. Ó tẹ ìwádìí náà jáde ní 2005. Àwọn dókítà tí ń ṣiṣẹ́ fún àjọ bọ́ọ̀lù náà ní kí ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, kò kó o jẹ. Nígbà tí ó yá, àwọn náà gbà. Òkú ni ó wò, ṣùgbọ́n àwọn alààyè tí ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù ni ó jàǹfààní rẹ̀. Ìyá náà nu ojú rẹ̀. Ó ní ṣé kò sí èyí tí ń yẹ alààyè wò ni. A ní ó wà, ọmọ náà yóò sì kọ́ òun náà.

Ohun kan wà tí àwa tí a wà ní òkè Ọya yìí ní, tí àwọn ará ilé kò ní. Oníṣẹ́ abẹ lè yọ ìfun tí ó wú láìgbọ́ èdè aláìsàn. Ó ti fún un ní oorun. Dókítà ọpọlọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn ni ẹ̀jẹ̀ tí ó ń yẹ̀ wò. Bí ìyá arúgbó bá ní “orí mi ń rìn”, tàbí “nǹkan ń rìn mí lára bí ìjàlọ”, ta ni yóò túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa tàbí Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní di nǹkan mìíràn? Ọmọ tí a bí sí Kàdúná, tí ó ń sọ Hausa ní ọjà, Yorùbá nílé, Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé, tí ó mọ bí Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ ti ń kẹ́dùn, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti kọ́ ìdajì iṣẹ́ náà kí ó tó wọ yunifásítì. Àwọn onílé wa pàápàá yóò jẹ nínú rẹ̀, nítorí kì í ṣe àwa nìkan ni a ń fi ọkọ̀ òru gbé aláìsàn pamọ́.

A kò ní parọ́ fún yín ní ti owó. Oníṣẹ́ abẹ àti agbẹ̀bí ni ó tètè ń kọ́ ọsibítù tirẹ̀. Dókítà ọpọlọ, dókítà òkú, dókítà ìlera ará ìlú, ìjọba tàbí yunifásítì ni ọ̀pọ̀ wọn ń bá ṣiṣẹ́, owó oṣù sì ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ṣọ̀wọ́n ní í níyì. Orílẹ̀-èdè yìí ti ju 200 mílíọ̀nù ènìyàn lọ, àwọn dókítà ọpọlọ tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ kò sì tó 1,000. Púpọ̀ nínú wọn ni ó sì ń kó lọ sí òkè òkun. Òfin àtijọ́ lórí wèrè, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1916, ni a ń lò títí di oṣù January 2023 tí ìjọba fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Òfin ti dé. Àwọn tí yóò ṣe iṣẹ́ inú rẹ̀ ni kò tíì pé.

Ọ̀rọ̀ kékeré lórí yíyan yunifásítì. Ẹ rántí pé ìpínlẹ̀ bàbá ọmọ ni wọn yóò fi kà á, kì í ṣe ìlú tí a bí i sí. Ẹ wá ìwé ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní kùtùkùtù, ẹ má ṣe dúró di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń kó orúkọ jáde. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ bá wà ní ìlera ìgbèríko, kí ó mọ̀ pé Ìbàdàn ti ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé ìṣègùn rẹ̀ lọ sí Ìgbò-Ọrà ní Ìbàràpá láti 1963, àti pé Ìlọrin ní ètò tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní COBES, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lọ gbé láàárín àwọn ará abúlé. Kí ó béèrè irú nǹkan báyìí kí ó tó kọ orúkọ yunifásítì sí fọ́ọ̀mù. Òkìkí nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń wò.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Èkíní, kí àpò owó yìí má ṣe ní ìwé òfin kan tí yóò sọ pé irú dókítà báyìí ni a ń ràn lọ́wọ́, irú báyìí ni a kì í ràn. Ìwé àbá náà wà níwájú Bàbá Ìsàlẹ̀. Ìlà keje ni kí ẹ bá wa yọ kúrò. Èkejì, ẹ̀yin dókítà, nọ́ọ̀sì àti apòògùn tí ó wà láàárín wa, ẹ gba ọmọ kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kan tàbí méjì nígbà ìsinmi, kí ó jókòó ní ibi iṣẹ́ yín, kí ó rí i bí ó ti rí. Ọmọ tí yóò sá, kí ó tètè sá. Èyí tí yóò dúró, yóò ní ọ̀rọ̀ láti sọ nígbà tí wọ́n bá bi í.

Àwọn méjì ti gbà kí a tó dé orí pèpéle yìí. Ọ̀kan nínú wọn ń ṣiṣẹ́ ní Barnawa, ó sì ti bá bàbá ọmọbìnrin wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bàbá náà ní òun yóò kọ́kọ́ bá ọmọ òun lọ wò ó fúnra òun. Akọ̀wé wa wà lábẹ́ àgọ́ kejì pẹ̀lú ìwé orúkọ lọ́wọ́. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọmọ, àti òbí tí ó fẹ́ mú ọmọ wá, lọ bá a kí oúnjẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.